Áńgẹ́lì Kò Bá Èlíjà Wí



Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan láti agbègbè Kétu wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń kàwé ní yunifásítì, ti padà wálé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Kò rí oorun sùn lóru. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò lè dìde lórí ẹní. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti wà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló fi nǹkan ṣe é. Nínú ìjọ, wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ 7, nítorí pé ẹni tí ó bá ní ìgbàgbọ́ kì í banú jẹ́. Ìyá náà wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè gbàgbé: "Bàbá, ẹni tí kò jẹun láti ìjẹta, ààwẹ̀ wo ni yóò tún gbà?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí mo mọ̀ pé ilé tirẹ̀ nìkan kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ìsoríkọ́ ni orúkọ tí a ń pe àìsàn náà lédè wa; àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní dépression. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ẹni tí orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, tí kò lè gbójú sókè wo ẹlòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ ni ìsoríkọ́. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sunkún; bí ọ̀rẹ́ bá wá kí i, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò tún sunkún, títí ara yóò fi tù ú. Ti ìsoríkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn ènìyàn bá ṣú dùdù láti àárọ̀ di alẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ọn kò bá dùn mọ́ ọn mọ́; bí oorun àti oúnjẹ bá sá fún un, tàbí tí ó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ; bí ó bá ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò, tí ó sì ń ronú ikú, a kò gbọ́dọ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Aláìsàn ni.

Ohun kan ṣoṣo kọ́ ni ó ń fa àìsàn yìí. Ó lè máa rìn nínú ìdílé. Ó lè dé bá ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àìsàn ara tó pẹ́, gbèsè, ọ̀fọ̀, ìdánìkanwà ní ìlú òkèèrè, gbogbo rẹ̀ lè dá kún un. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi sódabì pa á mọ́ra, wọn kò mọ̀ pé ọtí a máa bu epo sí iná náà ni.

Wàyí o, kí ni ìgbàgbọ́ wa wí? Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Wòlíì Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò ní ìgbàgbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Jésíbẹ́lì búra pé òun yóò pa á, ó sá wọ aginjù, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó jókòó lábẹ́ igi kan, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Bẹ́ẹ̀ ni wòlíì ńlá yìí dùbúlẹ̀, ó sì sùn lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ọlọ́run rán áńgẹ́lì sí i. Áńgẹ́lì yìí kò bá a wí, kò bi í léèrè ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà, kò sì ní kí ó gbààwẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde jẹun. Àkàrà gbígbóná wà níbẹ̀, omi sì wà nínú ìkòkò. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì náà jẹ́ kí ó sùn. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú oúnjẹ, ó sì gbà pé ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún un.

Ẹ̀yìn èyí ni Èlíjà tó lè rin ìrìn 40 ọjọ́ dé òkè Hórébù. Níbẹ̀, Ọlọ́run bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe, ó sì jẹ́ kí ó sọ gbogbo ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Lẹ́yìn náà, ó fún un ní iṣẹ́ tí yóò ṣe, ó fi Èlíṣà ṣe alábàárìn fún un, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ṣẹ́ kù: 7,000 ènìyàn wà ní Ísírẹ́lì tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì. Oúnjẹ ló ṣáájú, oorun tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ń gbọ́ni, iṣẹ́ àti ẹlẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìwàásù ṣáájú oúnjẹ ti sáré ju áńgẹ́lì lọ.

Jésù Olúwa fúnra rẹ̀, ní ọgbà Gẹtisémánì, kò fi ìrora ọkàn rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ó sọ fún wọn pé ìbànújẹ́ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ikú, ó sì ní kí àwọn 3 dúró ti òun. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá wá ẹni tí yóò dúró ti òun, ta ni àwa tí a ó máa tijú?

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí ó mọ ọ̀nà yìí láti inú ara rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Grégoire Ahongbonon. Ọmọ Benin ni, ó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní Côte d'Ivoire. Owó wọlé, ó ra ọkọ̀ takisí. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì dé ibi tí ó ti ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àlùfáà kan gbà á mọ́ra, ó sì mú un lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1982. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ìyà ń jẹ kiri. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tí ó dá sílẹ̀ ní Bouaké ti tú ọ̀pọ̀ aláìsàn ọpọlọ tí àwọn ẹbí fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi. Ilé ìtọ́jú wọn kan wà ní Avrankou, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Níbẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń lo oògùn dókítà. Wọn kò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Nítorí náà, bí ìsoríkọ́ bá wọ ilé yín, ẹ jókòó ti aláìsàn náà kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn. Ẹ gbé oúnjẹ díẹ̀ fún un, ẹ bá a rìn jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí; bí ó bá yẹ, wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí dókítà ọpọlọ. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, kí ó mọ̀ pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́, kí ó má sì dá a dúró láìbi dókítà. Bí ó bá dárúkọ ikú, ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀: ìbéèrè yẹn kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn apakòkòrò, okùn àti ọ̀bẹ kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, tí o sì rí ara rẹ nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wá ẹnì kan ṣoṣo tí o fọkàn tán, kí o sọ fún un lónìí. Bí àdúrà kò bá wá sí ọ lẹ́nu, má bẹ̀rù. Àwọn mìíràn lè gbà á fún ọ títí okun rẹ yóò fi padà.

Mo sọ fún ìyá náà pé kí ó lọ ro ẹ̀kọ gbígbóná, kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó má wàásù. Ní ọjọ́ kejì, a jọ mú un lọ bá dókítà ni. Kò tíì padà sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rí i ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbójú sókè, ó sì kí mi.