Ìyá Àgbà Kì Í Ṣe Àǹtí

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa mí kí ó tó di ohun tí mo ń rò lórí ibùsùn.

Mo lọ kí ìdílé kan ní Ìkàrẹ́ Àkókó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan. Ọmọ Ọ̀kà ni ìyàwó ilé náà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń bá wọn gbé. Èkìtì ni wọ́n ti fẹ́ ìyá náà wá sí Ìkàrẹ́ nígbà èwe rẹ̀. A jókòó, a ń jẹ ẹ̀pà, nígbà tí ọmọbìnrin ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ilé kéwú dé tòun ti wàláà rẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tí ó fi dúró gangan níwájú ìyá àgbà, tí ó nàka sí i, tí ó ní, “Man anti?”

Ìyá àgbà wò ó lókè wò ó nílẹ̀. “Àǹtí kẹ̀? Èmi kì í ṣe àǹtí rẹ o. Èmi ni mo bí bàbá rẹ.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fẹ́ ṣe àlàyé, àlàyé náà ni ó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ní, “Kì í ṣe àǹtí tiwa. Èdè Lárúbáwá ni. Ó túmọ̀ sí pé, ‘Ta ni ìwọ?’”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀. “Ta ni ò ń pè ní ìwọ? Ìyá tí ó bí bàbá rẹ?” Kí n tó ṣẹ́jú, ọmọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún, ìyá rẹ̀ sì ti ń búra pé bí kéwú bá ti di ìwọ-ìwọ, kí ó jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ wòlímọ̀ ọmọ náà ku oṣù méjì péré. Wọ́n ti ra aṣọ.

Ìyá àgbà ni ó pa iná ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ní Èkìtì tí wọ́n ti bí mi, ‘ìwọ’ náà ni à ń pe bàbá wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni a sì ti ń pè é.”

Gbólóhùn ìyá àgbà yìí ni mo gbé lọ sílé. Ìyá ọmọ kò jẹ̀bi, ọmọ kò jẹ̀bi. Olùkọ́ kéwú náà kò sì kọ́ ọmọ ní irọ́: ‘anti’ ni Lárúbáwá ń sọ fún obìnrin, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe arúgbó, ‘anta’ ni fún ọkùnrin. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó fún ọmọ ní ọ̀rọ̀, kò sọ fún un bí àwọn tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ ṣe ń lò ó, ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún, àti ibi tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ sí.

Nítorí kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo èdè ń fi ọ̀wọ̀ sí. Bí Yorùbá bá fẹ́ lanu, ohun tí ó kọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ ni pé, ta ni àgbà nínú àwa méjèèjì? Lárúbáwá a máa bèèrè pé, ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Ìdí nìyí tí ọmọ wa fi ń sọ ‘huwa’ nípa ìyá rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ ‘hiya’. ‘Ó’ kan ṣoṣo ni àwa ní fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. ‘Akh’ ni Lárúbáwá ń pe ọmọ ìyá ẹni tí ó jẹ́ ọkùnrin, ‘ukht’ ni obìnrin. Èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn? Ọ̀rọ̀ náà kò sọ, àfi bí a bá fi ‘ńlá’ tàbí ‘kékeré’ kún un. Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan arákùnrin òbí, Lárúbáwá là á ju tiwa lọ: ti bàbá ni ‘amm’, ti ìyá ni ‘khal’.

Ṣé àwọn Lárúbáwá kò wá mọ àgbà ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn a máa fi orúkọ ọmọ pe òbí, láti fi bu ọlá fún un: ‘Umm’ ni ìyá, ‘Abu’ ni bàbá, wọn a sì fi orúkọ ọmọ, pàápàá àkọ́bí ọkùnrin, tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ìyá Ràṣídì àti bàbá Súlè, ṣé ẹ kò gbọ́ orúkọ yín nínú ìyẹn? Afárá tí ó yẹ kí ọmọ gbà kọjá nìyí, ó sì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò fi han ọmọ. (Ẹjọ́ pé kí ọmọ Mùsùlùmí kúnlẹ̀ kí àgbà tàbí kí ó má kúnlẹ̀, mo fi lé àwọn àfáà lọ́wọ́. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, n kò sì ní bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ èdè ni mo ń sọ.)

Ọ̀rọ̀ àlejò pàápàá, bí ó bá pẹ́ lọ́dọ̀ wa, a máa di ọmọ ilé. Wòlímọ̀ tí ìyá ọmọ yìí ra aṣọ sílẹ̀ fún, àsè ìgbéyàwó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwa ni a sọ ọ́ di ọjọ́ ayọ̀ ọmọ tí ó ka Kùránì. Wákàtí, ‘àkókò’ ni nílé rẹ̀. Fìtílà, òwú inú àtùpà ni. Ọmọ tí ó bá lọ sí Kairo láìmọ èyí, tí ó sọ pé òun ti ṣe wòlímọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ fojú inú wo bí wọn yóò ti wò ó!

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ìbúra ìyá ọmọ náà pé kí ọmọ jókòó sílé, nítorí àwọn bàbá wa ti ṣe irú rẹ̀ rí pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ayé ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ṣọ́ọ̀ṣì, inú ọgbà kan náà ni wọ́n wà; ọmọ a lọ ní Súlè, a bọ̀ ní Samuel. Ẹ̀rù ba òbí, wọ́n sì fi ọmọ mọ́lé. Ní 1896 ni ìjọba ṣí ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ní Èkó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó gbọ́ Lárúbáwá. Ti Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ lé e ní 1898, ti Àgbádárìgì ní 1899. Ní 1923 ni wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn wọ̀nyí rí i pé Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí orúkọ tí ó bá a wọlé, pé a lè gba èkíní kí a má gba èkejì. Kí wọ́n tó là á bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ti ń jókòó nínú ọ́fíìsì, ọmọ wa ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Àkókó, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ará ibòmíràn lọ. Láti Ìkàrẹ́, ìrìn díẹ̀ ni ó mú ọ dé ibi tí èdè ti yàtọ̀. Arìgìdì ní tirẹ̀. Ìkáràm àti Ìbáràm ń sọ Akpes. Àúga ń sọ Ukaan. Ọmọ tí wọ́n bá fi èdè wọ̀nyí tọ́, Yorùbá inú ìwé gan-an, èdè tí yóò wá kọ́ ni, ‘ẹ’ àti ‘o’ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo rántí èyí, mo sì padà sọ́dọ̀ ìyá ọmọ. Mo bi í pé, “Bí ọmọ Ìkáràm kan bá pè ọ́ ní ‘o’ ní kíláàsì, ṣé o máa ń lé e lọ sílé?”

Ó ní, “Rárá o, mo máa ń kọ́ ọ ni.”

Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá fún un, Mùsùlùmí ọmọ Èkó, tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbẹ̀yìn. Láti 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì wá olùkọ́ ọ̀tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọ̀nyí yóò bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ọmọ tí ilé rẹ̀ dúró ṣinṣin mọ ibi tí yóò gbé ẹrù àlejò kalẹ̀ sí.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Nígbà tí owó òkèèrè wọ́n, tí a kò lè máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé láàárín àwọn elédè mọ́, wọ́n dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, lẹ́bàá ẹnubodè Benin, àti ti Lárúbáwá ní Ngala ní ìpínlẹ̀ Borno, nítòsí àwọn Shuwa tí Lárúbáwá jẹ́ èdè abínibí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ a gbọ́ ọ lọ́jà, a gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tí ń bá ọmọ wí. Ó dùn mí pé ní 2014 ogun Boko Haram dé Ngala, ó sì da ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rú.

Ìyá tí ó wà ní Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́ kò nílò Ngala kí ó tó bi àfáà ọmọ rẹ̀ léèrè pé: báwo ni ọmọ Lárúbáwá ṣe ń kí ìyá àgbà rẹ̀? Ìbéèrè yìí gan-an ni a gbé lọ sí ilé kéwú ní ọjọ́ Ajé. Mo rò pé àfáà yóò bínú. Kò bínú. Ó fọwọ́ gbá orí, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn, láti inú ìwé tí ó kún fún ràkúnmí àti igi dàbínù, òun kò sì ronú kan ìyá àgbà rárá.

Nígbà tí mo tún dé ilé náà, ọmọ sáré jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà, ó ní, “Ya jaddati, àsàlámù àlékùm.”

Ìyá àgbà ní, “Kí ni ó tún pè mí yìí?”

“Ìyá àgbà mi ni.”

Ó ní kí ọmọ tún un pè, nítorí etí òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ.