Táímìn katakata àtijọ́: ẹ má fi etí nìkan ṣe é

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ra katakata Ford 8N àtijọ́ kan. Kí wọ́n tó gbé e lọ sóko, ẹnì kan bá wọn yí dísítíríbútọ̀ rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ń dún dáadáa, ó ní ó ti parí. Wọ́n dé orí ilẹ̀ líle, omi inú rẹ̀ hó. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́ ta á, ẹ́ńjìnnì á gbá sítátà padà, gbàù! Kò pẹ́ tí sítátà fi fọ́. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, táímìn ló ti yá jù.

Katakata tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé, epo dísù ló ń mu, kò tiẹ̀ ní pulọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti rí mẹkáníìkì tó tẹ̀ lé orí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àtijọ́, tó ń yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Èrò tèmi rèé: etí dára, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ dájọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Kí ló dé? Epo pẹtiróòlù inú sílíńdà kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Iná máa ń gba àkókò kó tó ràn kárí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àkókò yẹn kéré gan-an. A sì fẹ́ kí agbára iná náà ti písítìnnì sísàlẹ̀ ní kété tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá òkè pátápátá. Nítorí náà, pulọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta iná ṣáájú kí písítìnnì tó dé òkè. Ẹ rántí jáńgílọ́fà: tí ẹ bá ti ọmọ nígbà tó ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ yín ló máa dùn yín. Tí ẹ bá pẹ́ jù, ó ti lọ, agbára yín ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń rìn ní dígíríì 2.4 láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá di ìgbà 2,000, ó di dígíríì 12. Iná kò yára tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí irin kéékèèké méjì fi wà nínú dísítíríbútọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, wọ́n á là síta, wọ́n á fa táímìn síwájú.

Ibí gan-an ni etí ti ń tan ni. Ẹni tó ń yí dísítíríbútọ̀ nígbà tí katakata dúró lójú kan, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti yára jù ló ń wá. Àmọ́ ibẹ̀ ti sábà máa ń ré kọjá ibi tó yẹ. Tó bá wá dé oko, tí àwọn irin yẹn fi tiwọn kún un, wàhálà dé.

Ẹlòmíì á ní, “Tó bá yá jù, a ó ṣáà gbọ́ kọ-kọ-kọ.” Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe 8N, láàárín 1947 sí 1952, òótọ́ ni. Epo ìgbà yẹn kì í fara da ìfúnpá púpọ̀, ó máa ń tètè pariwo. Epo òní lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìfúnpá inú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn kò sì pọ̀. Ẹ lè yí táímìn kọjá ààlà kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan, títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná jù tàbí kí sítátà fọ́. Etí àwọn bàbá wa kò bàjẹ́ o; epo ló yí padà.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Lára 8N tí dísítíríbútọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi fílà géèjì wọn àlàfo kọ́ńtáàtì: íńṣì 0.025. Ẹ má fo èyí o, torí tí àlàfo bá fẹ̀ sí i, kọ́ńtáàtì á tètè là, táímìn á sì yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, ẹ fi ìka dí ihò rẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìka yín, ẹ yí i lọ títí àmì dígíríì 4 ṣáájú òkè á fi hàn lára fúláìwíìlì. Ẹ so gílóòbù kékeré mọ́ ojú wáyà tó ti kọ́ìlì lọ sí dísítíríbútọ̀, ẹ so ẹsẹ̀ kejì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tan kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú dísítíríbútọ̀, ẹ yí i títí kọ́ńtáàtì á fi pàdé tí gílóòbù á kú, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra yí i padà. Ibi tí gílóòbù bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ibẹ̀ ni kọ́ńtáàtì ti là, ibẹ̀ ni pulọ́ọ̀gì ti ń ta iná. Ẹ dè é pa.

Ìgbà yẹn ni ká wá pe etí. Ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀ líle, ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí lábẹ́ ẹrù. Mi ò fojú di ọ̀gá kankan. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo etí torí pé ìpẹtà ti bo àmì mọ́lẹ̀, ẹni tó kọ́ wọn ò sì fi hàn wọ́n rí. Àmọ́ àwa tí a ti mọ̀ pé àmì wà, kí la fẹ́ wí? Gílóòbù kan kò wọ́n tó sítátà, sítátà ò sì wọ́n tó odindi ẹ́ńjìnnì.

Nílé, tí mẹkáníìkì bá ní “ẹ́ńjìnnì ti nọ́kù,” ó ti kú nìyẹn. Tí ọ̀gá yín bá ṣì ń tún ọkọ̀ oní-kọ́ńtáàtì ṣe, ẹ fi sùúrù bẹ̀ wọ́n kí ẹ jọ nu ìpẹtà orí àmì yẹn kúrò. Ọ̀la, ẹ̀yin ni yóò fi han ẹlòmíì.