Òdòdó Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Van Gogh

Lọ́dún 2003, Músíọ́mù Kröller-Müller tó wà nílùú Otterlo, lórílẹ̀-èdè Netherlands, yọ orúkọ Vincent van Gogh kúrò lára àwòrán òdòdó kan tí wọ́n ti rà láti ọdún 1974. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó yà á. Ohun tí wọ́n rí wí ni pé kò jọ iṣẹ́ ọkùnrin náà: ó tóbi jù, òdòdó inú rẹ̀ pọ̀ jù, ìbuwọ́lùwé tó wà lára rẹ̀ sì wà lókè lápá ọ̀tún, níbi tí Van Gogh kì í fọwọ́ sí. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n wọn ló kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ ọ̀gá ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Van Gogh ti ọdún 1886. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Antwerp dé ọ̀dọ̀ Theo, àbúrò rẹ̀, ní Paris. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ ọ̀dùnkún lábẹ́ àtùpà ló yà, ọ̀dà rẹ̀ sì ṣú bí ilẹ̀ oko. Kò lówó tó máa san fún ẹni tó máa jókòó kó yà á, ló bá yíjú sí òdòdó. Ó ń gbé pupa ti àwọ̀ ewé, aró ti àwọ̀ ọsàn, kí ọ̀kan lè mú èkejì tàn. Àwọn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ńláńlá tó sọ ọ́ di olókìkí, ọdún 1888 ló tó kó wọn sínú ìkòkò ní Arles. Báwo la ṣe fẹ́ kí àwòrán 1886 jọ wọ́n?

Àwọn kan á ní ayédèrú pọ̀, pé ó yẹ kí músíọ́mù ṣiyèméjì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ X-ray ti fi àwọn oníjàkadì méjì hàn lábẹ́ òdòdó náà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ iyèméjì wọn kò tán. Nígbà tí ẹ̀rọ tó lágbára sí i yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2012, bàǹtẹ́ hàn nídìí wọn, bí wọ́n ṣe ń wọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwòrán Antwerp. Van Gogh fúnra rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí Theo nípa irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní January 1886. Orúkọ rẹ̀ padà.

Bí ẹnìkan bá ní òdòdó náà há jù, mi ò ní jiyàn. Híhá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí á tẹjú mọ́: ẹni tó ti pẹ́ nínú ọ̀dà dúdú ló ń da gbogbo àwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sórí aṣọ àwòrán àlòkù, lórí ẹ̀yìn àwọn oníjàkadì.