Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ náà gbé róbọ́ọ̀tì rẹ̀ wá sójú agbo

1/ Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ní Sátidé tó kọjá, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Isuada, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gbé róbọ́ọ̀tì méjì kalẹ̀ kí wọ́n bá ara wọn jà. Ọwọ́ ara wa la fi ṣe méjèèjì. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí màmá kan ládùúgbò fi sá jáde nílé, tí wọ́n ń pe Jésù.

2/ Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Mọ́tò tó wà lára ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé ni mo fi ṣe tèmi, pẹ̀lú bátìrì tí mo yọ nínú láptọ́ọ̀pù tó ti kú. Ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rìwáyà kan ní Ọ̀wọ̀. Mọ́tò fáànù lòun lò, ó wá so irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn kó máa yí fìrìfìrì. Irin yẹn já, ó lọ ba páànù ọgbà. Gbàù!

3/ Ẹni tó bá wà ní Ọ̀wọ̀ ní June 5, 2022 kò ní bi mí pé kí ló lé màmá náà jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lára wa. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìjà wo lẹ tún ń wá?" Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

4/ Lókè òkun, eré gidi ni. Ọdún 1994 ni Marc Thorpe gbé Robot Wars kalẹ̀ ní San Francisco. Ní 1998, BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ìlú Ọba. Ní 2000, BattleBots bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń jà, irin á máa fò, iná á máa ṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú àgọ́ tí wọ́n fi ike tó nípọn yí ká ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwa ò ní irú àgọ́ yẹn. Ohun tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe, ìwà òmùgọ̀ ni, mo gbà.

5/ Àmọ́ oríṣi míì wà. Àwọn ará Japan ní róbọ́ọ̀tì tó ń ja sumo, ìyẹn ìjàkadì tiwọn. Èyí tó kéré níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 500 lọ, gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Agbo róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 77 ni wọ́n ti ń jà. Kò sí irin tó ń yí, kò sí iná. Ẹni tó bá ti ẹnìkejì jáde ló borí. Gídígbò wa náà kọ́ nìyẹn?

6/ Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Taya tó bá ń yọ̀ ti pàdánù. A lọ tọrọ túùbù tó ti bẹ́ lọ́wọ́ fúlúkánáísà, a gé e wé taya, ó wá di ilẹ̀ mú. Iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ kó lè wọ abẹ́ ẹnìkejì. Tí bátìrì bá lọ sẹ́yìn jù, iwájú á fúyẹ́, wọ́n á kàn gbé ẹ jù síta ni. Físíìsì tí mo há sórí fún WAEC, orí ilẹ̀ yẹn ni mo ti wá mọ ohun tó ń sọ.

7/ Ibi tí mo ń lọ rè é. Láti 2017 ni FIRST Global ti ń pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18, wọ́n á sì fi àpótí irinṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ó dáa. Ní 2019, àwọn ọmọbìnrin Methodist Girls' High School, Mamfe, ní Ghana, lọ gba ipò kìíní ní Robofest ní Michigan. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé ló sábà máa ń rí irú ọ̀nà báyìí. JSS3 ni ọ̀rẹ́ mi ti fi ìwé sílẹ̀. Kí o tó mu pure water kan tán, á ti rí ibi tí wáyà ti já nínú ọkọ̀ rẹ. Fọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ gbà?

8/ Ẹnì kan á ní kí ìjọba ra àpótí irinṣẹ́ fún gbogbo ilé-ìwé. Mi ò bá yín jà. Àmọ́ tí ẹyọ kan bá kán nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ. Ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un kàn.

9/ Ohun tí mo fẹ́ kò ju báyìí lọ. Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀, Achievers University náà wà níbẹ̀. Kí ọ̀kan nínú wọn fa agbo kan fún wa. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹni méjì: ọmọ ilé-ìwé kan, ọmọ iṣẹ́ kan. Gíráàmù 500, àlòkù tàbí àfọwọ́ṣe nìkan. Irin tó ń yí kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bátìrì tó bá ti wú náà, kó dúró síta, torí ó lè gbiná.

10/ Lánàá, a padà lọ sọ́dọ̀ màmá náà. A fi ṣọ́ọ̀kì fa agbo sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé wọn, a ní kí wọ́n wá wò ó. Kò sí ariwo kankan. Wọ́n ti tèmi jáde lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Màmá ní, "Ta ló ni èyí tó borí un?" Mo nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n wò ó títí. "Ọmọ tó ń tún iná mọ́tò ṣe yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òun náà ni.

Ẹ bá mi pín in títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fún wa láàyè.