Eré káàdì tó lè kọ́ni ní sùúrù: Ta ni yóò ṣe é fún ọmọ Ìgbómìnà?

Bí ilé-ìwé bá ti wọ ọlidé ní Òwu-Ìsin, Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, kì í pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ fi máa ń kó káàdì Whot jáde. Àgbàlagbà tí kò ta á rí pàápàá yóò ti gbọ́ ariwo rẹ̀ lábẹ́ igi. Káàdì 54 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní àmì róbótó lára, àwọn kan ní onígun mẹ́ta, àwọn kan àgbélébùú, àwọn kan onígun mẹ́rin, àwọn kan sì ní ìràwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ káàdì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èyí tó bá ti ilẹ̀ mu, yálà ní àmì ni o tàbí ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n káàdì márùn-ún wà tí wọ́n kọ 20 sí lára. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú agbo kankan. Ẹni tó bá sọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò pe àmì tó wù ú, gbogbo àwọn tó jókòó yóò sì tẹ̀lé e láìjà.

Nínú ayé tí à ń gbé, ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wà tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tó jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n mọ ara wọn sí. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n bí ní obìnrin, tó jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n mọ ara wọn sí. A sì rí àwọn tó ní àwọn kò sí nínú agbo méjèèjì. Òyìnbó ń pe àwọn ti ìṣáájú ní transgender, ó sì ń pe àwọn ti ìkẹyìn ní non-binary. Lókè òkun, àwọn kan nínú wọn ti ń fi eré ìdárayá ṣàlàyé ohun tí ojú wọn ń rí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé irú eré bẹ́ẹ̀, pàápàá jù lọ ti káàdì, lè wúlò fún ọmọ Ìgbómìnà. Ó lè wúlò púpọ̀, bí ó bá jẹ́ ẹnu Yorùbá ló fi ń sọ̀rọ̀, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni sínú ewu.

Ẹni tó bá ní eré lásán ni eré kò tíì wo ọpọ́n ayò dáadáa. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń kọ́ ìṣirò, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ sùúrù, ibẹ̀ náà ni òpè ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ èébú ọ̀ta láìbínú. Eré ejò àti àkàsọ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn pátákó lúdò, Íńdíà ló ti wá. Ìwà rere ni àkàsọ̀ níbẹ̀, ìwà burúkú sì ni ejò. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Magie, gba ìwé àṣẹ ní 1904 fún eré kan tó fi tú àṣírí ìnilára àwọn onílẹ̀. Inú eré yẹn ni Monopoly ti jáde ní 1935. Nígbà tí wọ́n ṣe Monopoly ti ìlú Èkó ní 2012, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé ẹni tó bá wa mọ́tò gba ọ̀nà tí kò yẹ yóò jìyà. Àwọn tó ta á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ní ọdún 2012 kan náà, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Mattie Brice, gbé eré kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Mainichi, èyí tí í ṣe "lójoojúmọ́" ní èdè Japan. Obìnrin kan tí wọ́n bí ní ọkùnrin ló wà nínú eré náà. Yóò jí, yóò wẹ̀, yóò múra, yóò sì fẹsẹ̀ rìn lọ pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Bí ó bá ti múra sí ni àwọn ará àdúgbò yóò ṣe wò ó, tí wọn yóò sì ṣe sọ̀rọ̀ sí i. Bí ọjọ́ náà bá parí, òmíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó borí. Ẹni tó bá ta á ní ẹ̀ẹ̀mẹta yóò mọ̀ bí ó ṣe máa ń rẹni tó kí èèyàn máa fi ojoojúmọ́ ro bí òun yóò ṣe la ojú pópó kọjá.

Ṣùgbọ́n a kò lè kó eré Òyìnbó wá sí Òwu-Ìsin bẹ́ẹ̀ kó bá ilẹ̀ mu. Apá kan tó tóbi nínú ìjà wọn lọ́hùn-ún dá lórí ọ̀rọ̀ "he" àti "she". Yorùbá kò ní ìyẹn. "Ó lọ" ni ti ọkùnrin, "ó lọ" náà sì ni ti obìnrin. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò. Bí ìyàwó bá wọlé ọkọ, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà kí ó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti kọ odidi ìwé kan lórí èyí ní 1997. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọjọ́ orí ló ṣáájú nínú bí Yorùbá àtijọ́ ṣe ń to ènìyàn, kì í ṣe ẹ̀yà ara. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé "ẹ̀gbọ́n" kò ṣe é pe àwọn méjèèjì.

Ibi tí bàtà ti ta Yorùbá lẹ́sẹ̀ wà níbòmíràn. Bí wọ́n bá pe obìnrin ní "obìnrin bí ọkùnrin", oríkì ni, orí rẹ̀ yóò sì wú. Bí wọ́n bá pe ọkùnrin ní "ọkùnrin bí obìnrin", èébú ni, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀. Obìnrin tó wọ ṣòkòtò lónìí ń lọ ọjà, kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó bá wé gèlè kò lè dé ìkòríta tí àwọn èwe kò fi ní tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, àwọn baba ńlá kò ka irú ìmúra bẹ́ẹ̀ sí ohun àjèjì pátápátá. Ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, ọkùnrin tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo òrìṣà, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é. Ní ilẹ̀ Kétu, ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ní ọmú àti ìdí obìnrin, UNESCO sì ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún gbogbo aráyé láti 2001. Nínú egúngún alárìnjó, ọkùnrin ló máa ń di ìyàwó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí èyí sọ pé ẹlẹ́gùn-ún àti ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan náà. Ti ẹlẹ́gùn-ún jẹ mọ́ òrìṣà, ti alárìnjó sì jẹ mọ́ eré. Ohun tí wọ́n fi hàn kò ju pé Yorùbá ti rí ọkùnrin nínú ìmúra obìnrin rí, tí wọn kò sì sọ ọ́ lókò.

Òfin òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú sùúrù yẹn. Nínú Penal Code tí wọ́n ṣe fún Àríwá ní 1960, èyí tí Kwara náà jogún, wọ́n ka ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn aláìníṣẹ́ tó ń rìn káàkiri. Wọn kò kọ nǹkan kan nípa obìnrin tó wọ ṣòkòtò. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 dá lórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún 14, àti ẹgbẹ́ tó bá ń tì wọ́n lẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní 2022, wọ́n gbé àbá kan dé ilé aṣòfin l'Ábùjá pé kí ẹni tó bá múra bí ẹ̀yà kejì lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦500,000. Àbá náà kò di òfin. Ṣùgbọ́n abala 34 nínú ìwé òfin ọdún 1999 wà níbẹ̀ tó ní kí a bọ̀wọ̀ fún iyì gbogbo ènìyàn, kí a má sì fi ìyà tó ń rẹni sílẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹnu bá kan ọ̀rọ̀ yìí, Bobrisky ni ọ̀pọ̀ máa ń dárúkọ, ẹni tí ilé-ẹjọ́ l'Ékòó rán lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 2024 nítorí pé ó fọ́n owó náírà. Olówó àti olókìkí ni ìyẹn. Ọmọ abúlé tí kò lówó, tí kò lókìkí, tí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀ láti kékeré, ni ó yẹ kí àgbà máa rò. Òun ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀sín ní kíláàsì. Òun ni bàbá máa ń lé jáde lóru. Bí ó bá dé gáréèjì ìlú ńlá, kò ní mọ ẹni tí yóò bá pàdé.

Eré káàdì tó bá fẹ́ sọ ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àárọ̀ ilé rẹ̀. Kí káàdì kan sọ pé: ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ dọ̀bálẹ̀ tàbí ó kúnlẹ̀, ìyá fẹ́ kì í. Ṣé Àkànní ni yóò pè é, tàbí Àkànkẹ́? Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣe é jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n oríkì ti yan ẹ̀yà. Kò sí ìyá Ìgbómìnà tí káàdì yẹn kò ní mú kó dákẹ́ díẹ̀. Kí òmíràn sọ ti aṣọ ẹbí: gèlè ni wọ́n máa fún un, tàbí fìlà? Kí òmíràn sọ ti ibi tí yóò jókòó sí nílé ìjọsìn, ti ọlọ́pàá tó ń wo àwòrán orí káàdì ìdánimọ̀, àti ti nọ́ọ̀sì tó pe orúkọ tó sì wo ojú ẹni tó dìde.

Àwọn òfin Whot náà wúlò. Nọ́ńbà 8 máa ń fo ẹnìkan dá. Kí ó dúró fún ọmọ tí wọ́n lé nílé. Nọ́ńbà 14 máa ń rán gbogbo ènìyàn lọ sọ́jà. Kí ó dúró fún òfófó, kí ó lè hàn pé bí ẹnu bá ti ba orúkọ ọmọ kan jẹ́, gbogbo ilé ló ń san án. Kí 20 sì dúró fún ọjọ́ tí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí òun jẹ́, tí wọ́n sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Kí káàdì ayọ̀ pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tí ayé rẹ̀ jẹ́ ẹkún nìkan.

Ohun mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àkọ́kọ́, àwọn tó kan ni kí wọ́n sọ ohun tí yóò wà lórí káàdì, kí wọ́n sì fi orúkọ wọn pamọ́; ẹni tó kan ló mọ̀. Èkejì, káàdì kankan kò gbọdọ̀ bi ẹni tó ń ta á nípa ara rẹ̀. Ìtàn ẹlòmíràn ni kó máa sọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu ní abúlé kò ṣe é kó mọ́, òfin sì wà níta. Ẹ̀kẹta, kí ó ní àwòrán fún àwọn tí kò mọ̀wé, kí ó sì jẹ́ pé òbí àti olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ ta á, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀sìn kò gbà á, àti pé eré náà yóò sọ ọmọ ọlọ́mọ di ohun tí kò jẹ́. Ẹni tó bá gba Kùránì tàbí Bíbélì gbọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìgbàgbọ́ rẹ̀, eré náà kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ta eré ejò àti àkàsọ̀ tó di ejò. Ohun tí eré ń ṣe kò ju pé kí ó mú ẹnì kan jókòó sí àyè ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò lè yí òfin padà, kò sì lè rọ ọkàn ẹni tó kọ̀ láti jókòó. Ó lè mú kí bàbá kan ronú kó tó ju ẹrù ọmọ rẹ̀ síta, ìyẹn nìkan sì ti tó owó káàdì.

Àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi í fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ti ṣiṣẹ́ tó lórí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí àwọn olùkọ́, àwọn ayàwòrán àti àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Ìgbómìnà jókòó ṣe eré náà fúnra wọn, kí àwọn àgbà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín káàdì.