Adágún Tí Iná Kan Kò Mú Gbóná

Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa wá ibi ìgbafẹ́ tí wọn yóò kó ọmọ lọ. Bí ẹ bá ń gbé ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, tí ọmọ yín sì ní òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ìbéèrè náà kò rọrùn. Àwọn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo mọ̀ ní agbègbè wa, inú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Èkìtì wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Ìkógòsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ó ní ohun tí yóò kọ́ àwa ará àríwá.

Ìsun omi méjì ni ó wà ní Ìkógòsì. Ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì tutù. Oríṣìí ibi ni kálukú ti ń ṣàn wá, wọn a pàdé, wọn a jọ máa lọ. Ní ojú ìpàdé wọn, ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi yóò mọ ooru lápá kan, yóò sì mọ òtútù lápá kejì. Àwọn àgbà ní ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì: ọ̀kan onínúfùfù, èkejì oníwà pẹ̀lẹ́; ìjà wọn ni ó sọ wọ́n di omi. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ kò fi bẹ́ẹ̀ pa ìtàn náà lára. Wọ́n ní kò sí òkè oníná níbẹ̀ rárá. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè ni ó ń gba inú làlà àpáta wọlẹ̀ lọ jìnnà, ooru inú ilẹ̀ á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tún gba ojú mìíràn jáde.

Láti ayébáyé ni àwọn ará ìlú ti mọ omi yìí. Ní ọdún 1952 ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Amẹ́ríkà, John S. McGee ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ sí í tún àyíká rẹ̀ ṣe, ó sì di àgọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń pàdé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìjọba gbà á wọlé. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ó di ohun àmúyangàn ìpínlẹ̀ tuntun náà. Ìṣàkóso Kayode Fayemi, ọmọ Ìṣàn-Èkìtì nílé wa níhìn-ín, tún ibẹ̀ ṣe láàárín 2010 sí 2014. Nígbà tó padà dé orí àlééfà ní 2018, ìjọba rẹ̀ fi ibẹ̀ sí ìkáwọ́ àwọn oníṣòwò láti máa bójú tó o.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ní orùlé, àárín igi ńláńlá àti òkè ni ó wà. Ìsun omi gbígbóná náà ni ó ń pèsè omi rẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú adágún rí yóò mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì: kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé omi iná, kò sí owó epo fún ìmóoru, kò sí ọkọ̀ agbómi.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ti ọ̀dọ̀ wa. Adágún kékeré kan tó gùn ní mítà 25, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó sì jìn ní mítà kan ààbọ̀, yóò gba lítà omi 375,000. Bí ọkọ̀ agbómi bá ń gbé lítà 10,000, ìrìn méjìdínlógójì ni yóò rìn kí ó tó kún. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe ìlérí adágún fún ará ìlú, omi ni kí a kọ́kọ́ bi í. Ìsédò Èrò wà ní Ìkún-Èkìtì, nítorí omi ni a sì ṣe kọ́ ọ. Bí omi rẹ̀ bá ń dé ilé wa déédéé, a ó lè sọ̀rọ̀ adágún fún ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà ní àríwá.

Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kì í ṣe fàájì nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ ní ọdún 2021, àti pé ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn lọ tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Àjọ náà gbani níyànjú pé kí a kọ́ ọmọ tó ti tó iléèwé lọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ àti ọ̀nà ààbò nínú omi. Ọjọ́ 25 oṣù keje ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìdènà ikú omi. A ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi kì í wo ojú ẹni tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi odò ìdí oko ṣe iléèwé ìlúwẹ̀ẹ́ kò ní olùkọ́, kò sì ní ẹni tí yóò fà á yọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ìkógòsì, ẹ gba Adó-Èkìtì kọjá, kí ẹ sì tètè jí. Ẹ béèrè ibi tí omi jìn sí kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó fi orí sọ ara rẹ̀ sínú omi tí kò jìn, kí àgbàlagbà kan sì jókòó sí etí omi láìwo fóònù. Ẹ ra aṣọ ìwẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ bi àwọn aṣojú wa nípa omi inú ẹ̀rọ, kí a lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.