Kí aboyún tó gbé kápúsù yẹn mì

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, àìsàn kan wà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fẹ́ dárúkọ níwájú ènìyàn. Ojú ara á máa yún wọn, nǹkan funfun tó ki á máa jáde. Oyún a sì máa jẹ́ kó wọ́pọ̀ sí i. Kándídà ni àwọn dókítà ń pè é. Mọ̀lẹ́bí ohun tó ń fa làpálàpá ni. Nítorí ìtìjú, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé àwo oògùn sórí ni àwọn mìíràn ń yà sí. Wọ́n á ra kápúsù kan, wọ́n á fi omi gbé e mì. Ẹni tó tà á kò bèèrè bóyá oyún wà.

Ìbéèrè tí kò bèèrè yẹn ló ń kọ wá lóminú.

Kápúsù náà sábà máa ń jẹ́ fluconazole, mílígíráàmù 150. Ní ọdún 2011, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé bí aboyún bá ń lo mílígíráàmù 400 sí 800 lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ lè ní àbùkù ara. Ẹ lè ní kápúsù ẹyọ kan kò tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 2016, ìwádìí kan láti Denmark fi hàn pé oyún bàjẹ́ lára àwọn tó gbé e mì ju lára àwọn tí kò lò ó lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé oyún gbogbo ẹni tó lò ó ni yóò bàjẹ́. Ẹni tó ti gbé e mì, kó má sunkún, kó lọ sọ fún agbẹ̀bí rẹ̀. Àmọ́, kí ló dé tí a ó fi oyún ta tẹ́tẹ́ nígbà tí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìpara tàbí oògùn tí a ń fi sí ojú ara, bíi clotrimazole, fún ọjọ́ 7, ni ọ̀nà náà. Díẹ̀ kín-ún ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Sùúrù ló ń gbà, bóyá ìdí nìyẹn tí kápúsù fi ń wu èèyàn jù ú lọ.

Bó bá jẹ́ làpálàpá, aboyún kò gbọdọ̀ lo griseofulvin rárá. Ẹ̀yin baálé ilé, ó kàn yín náà: ìkìlọ̀ wà pé kí ọkùnrin tó lò ó dúró oṣù 6 lẹ́yìn tó parí rẹ̀ kó tó fún obìnrin lóyún. Ta ló sọ ìyẹn fún yín rí?

Ti abiyamọ yàtọ̀. Fluconazole ń wọnú wàrà ọmú, ṣùgbọ́n èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò tó iye tí dókítà máa ń fún ọmọ tuntun tó ń ṣàìsàn. Kò sí ìdí láti tìtorí rẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n wá ń fi omi kànga po mílíìkì fún, ewu tirẹ̀ pọ̀ jù. Bí funfun bá bo ahọ́n ọmọ, tí orí ọmú ìyá sì ń ro ó, kí wọ́n tọ́jú àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbógun ti àwọn tó ń ta oògùn láìgbàṣẹ, títí dé Adjégounlè ní Kútọnu. Ó dára. Ṣùgbọ́n odò Ọ̀pàrà nìkan ló là wá láàárín pẹ̀lú Nàìjíríà. Oògùn tó gba ibẹ̀ wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀, tibí, Faransé. Ìyá tí kò gbọ́ méjèèjì ńkọ́?

A ń bẹ àwọn olùtọ́jú àti àwọn tó ń ta oògùn nílùú yìí: ẹ máa fi èdè wa bèèrè, ní kọ̀rọ̀, “Ṣé oyún wà? Ṣé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú?” kí ẹ tó na oògùn síni. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ara ń yún un. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ojú bá ń tì yín láti sọ ọ́, ẹ mú páálí oògùn náà dání, ẹ kàn nà án sí agbẹ̀bí.